Every Breath You Take kì í ṣe orin ìgbéyàwó o

Sátidé tó kọjá, ní họ́ọ̀lù kan ní Sùúrùlérè, èmi ni mo wà nídìí kíìbọ́ọ̀dù. Ọkọ àtìyàwó fẹ́ wọlé, MC ti ń pariwo lórí máìkì, ni àbúrò ọkọ bá sáré wá bá mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa lu Every Breath You Take, orin ìfẹ́ gidi nìyẹn." Mo lù ú, owó ni mo bá wá jàre. Àmọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ tí wọ́n ń nawó tí ìyá ìyàwó ń nujú, mò ń rò ó pé ṣé àwọn èèyàn yìí gbọ́ nǹkan tí ọkùnrin yìí ń wí ṣá?

Orin ìfẹ́ kọ́. Sting, olórin òyìnbó tó kọ ọ́ fún The Police, ẹgbẹ́ olórin ẹ̀, ti fẹnu ara ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. 1982 ló kọ ọ́ ní Jàmáíkà, nígbà tí ilé òun àtìyàwó ẹ̀ àkọ́kọ́ ti dàrú, ó jáde ní 1983, ọ̀sẹ̀ 8 ló fi wà ní nọ́ńbà wáànì ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ ló ń sọ fún obìnrin pé kò síbi tó máa gbà tójú òun ò ní tó o, pé tòun ni. Tí bọ̀bọ́ kan bá ń sọ irú ẹ̀ fún àbúrò ẹ lóbìnrin ní Ojúẹlẹ́gbà, ṣé wàá na owó ni àbí wàá wá ọlọ́pàá?

"I'll be watching you" ló ń tún wí ṣáá nínú orin náà, ìyẹn "màá máa ṣọ́ ẹ." Ọ̀rọ̀ "ṣọ́" yìí ló ń tan àwa Yorùbá jẹ. Ìyá ẹ ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ẹ lọ ṣọ́ ẹ bọ̀ kó o tó wọ danfo, torí ẹ̀ tí òyìnbó bá ti lóun ń ṣọ́ ẹ, àdúrà ló ń dún létí wa. Àmọ́ tí ọmọbìnrin bá ní ẹni tóun já sílẹ̀ ń ṣọ́ òun, kò sẹ́ni tó máa ṣàmín.

Puff Daddy, olórin ráàpù Amẹ́ríkà, náà dá kún un. Ọ̀pọ̀ wa, 1997 la kọ́kọ́ gbọ́ gìtá inú orin yìí, nígbà tí òun àti Faith Evans fi ṣe orin ìdárò Notorious B.I.G., olórin ráàpù tí wọ́n yìnbọn pa ní Los Angeles. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀, gìtá ló jọra, la bá kó ẹkún ọ̀hún lọ sórí tàkọ́kọ́. (Andy Summers, onígìtá The Police, ló ta gìtá yẹn o, àmọ́ orúkọ Sting nìkan ló wà pé ó kọ orin. Àwa tá à ń lu nǹkan fáwọn olórin, ẹ̀ ń rí ayé wa.)

Wọ́n á tún ní kí n lọ wo fídíò ẹ̀, pé dúdú àti funfun, jẹ́jẹ́ báyìí. Mo wò ó. Kò sí tọkọtaya tó dìmọ́ra níbẹ̀. Sting gbá báàsì onígi ńlá mú, ó ń wo kámẹ́rà bí ẹni pé o jẹ ẹ́ lówó, ẹnì kan sì wà lẹ́yìn tó ń nu wíńdò.

MC ní kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orin, bíìtì la fẹ́. Irọ́! Kí onígángan fi ìlù bú ẹ lóde àríyá kan, ká wá wò ó bóyá bíìtì lo gbọ́.

Bá a ṣe ń kó ẹrù sọ́kọ̀, àbúrò ọkọ tún dé, ó ní Dìsẹ́ńbà loun ń ṣe tòun, kí n má gbàgbé orin yẹn. Mo ní kó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí fóònù ná. Ó kà á, ó dákẹ́, ó tún un kà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kúkú bá wa lu ti Puff Daddy."