Ẹ kọ iṣẹ́ ọwọ́ màmá náà sí i

Ìròyìn ìsìnkú yìí ní màmá abúlé náà jẹ́ ìyàwó rere àti olùfọkànsìn, ó parí síbẹ̀. Gàrí tí wọ́n fi rán ọmọ níléèwé ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó, tí wọ́n rin, tí wọ́n dì sápò, tí wọ́n gbé òkúta lé fún bí ọjọ́ mẹ́ta kó lè kan. Bí omi ò bá ro tán kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, ṣe ló máa ṣù pọ̀ nínú agbada. Iná tó bá le jù á jó o lẹ́yìn, inú á ṣì tutù, kò sì ní pẹ́ bu. Yíyan náà gbọ́dọ̀ parí ní Sátidé, nítorí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa gbá láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹ bi àwọn ìyá ìjọ léèrè orin tí màmá náà máa ń dá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú.