Wọ́n ń torí ìrísí fi iṣẹ́ du ẹni tó mọṣẹ́

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wíwá bá ti délẹ̀, ìmọ̀ràn kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbọ́ nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ibùdó àgùnbánirọ̀: mọ iṣẹ́ rẹ, múra dáadáa, ìyókù á yanjú ara rẹ̀. Ẹni tó bá wá ní wọn ò gba òun nítorí bí òun ṣe rí, wọ́n á ní kó lọ tún ara rẹ̀ ṣe, ṣebí ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ọwọ́ ẹni tó ni ìrísí ló wà, pé oníbàárà ni ilé iṣẹ́ ń rò tó fi ń ṣòfin irun àti aṣọ, àti pé ẹni tó bá dáńtọ́ ò ní pàdánù nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú àwọn òbí sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́, ó sì ń mú kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Chastity Jones. Ní ọdún 2010, obìnrin aláwọ̀ dúdú yìí wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Catastrophe Management Solutions ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Súùtù aláwọ̀ búlúù ló wọ̀ lọ. Dàda kúkúrú ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó yege, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti rí iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ bi í bóyá dàda ni irun rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá yìí ní àwọn ò lè gbà á pẹ̀lú irun yẹn, pé irú rẹ̀ máa ń rí wúruwùru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò sọ pé tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Jones kọ̀, kò gé e. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn.

Kí ni iṣẹ́ náà? Kí wọ́n jókòó sínú yàrá ńlá kan, kí wọ́n máa dá àwọn èèyàn lóhùn lórí tẹlifóònù. Oníbàárà kankan ò ní fojú kan òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Torí náà, ẹ má fi oníbàárà bojú fún mi. Ojú ọ̀gá ni irun yẹn ò dùn mọ́, ìyẹn náà ló sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti yege.

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n àjọ náà pàdánù. Ní 2016, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ohun tí èèyàn ò lè yí padà lára rẹ̀ ni òfin ń dáàbò bò, pé irun tí wọ́n bí mọ́ni wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe ṣe irun náà kò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní 2018.

Ìdájọ́ yìí ní bàbá. Ní 1981, Renee Rogers, tó ti ń bá American Airlines ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún 11, pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní New York torí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi irun dídì wá síbi iṣẹ́. Adájọ́ dá ilé iṣẹ́ láre. Ó ní irun dídì ṣeé tú, ó tún fi kún un pé kò pẹ́ tí òṣèré aláwọ̀ funfun kan sọ ọ́ di àrà nínú sinimá ni Rogers náà bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Ẹ gbọ́ ná! Irun dídì, tí àwọn ìyá ìyá wa ti ń dì fún ara wọn kí ọkọ̀ òkun Òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Badagry, ni kóòtù ń wo orírun rẹ̀ lára òṣèré. Ilé iṣẹ́ ti kọ́kọ́ sọ fún Rogers pé kó ká irun náà jọ, kó fi irun àtọwọ́dá bò ó títí iṣẹ́ á fi parí. Ó ní orí ń fọ́ òun burúkú. Kóòtù kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé á dáa kó wá èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé ọwọ́ ẹni ni ìrísí wà dúró síbi irun àtọwọ́dá yẹn díẹ̀. Òfin irun ti American Airlines yẹn kan gbogbo òṣìṣẹ́, ọkùnrin àti obìnrin, funfun àti dúdú. Ta ló ń sanwó rẹ̀? Obìnrin tí irun rẹ̀ nà láti inú ìyá rẹ̀ á fi kóòmù ya á, á sì jáde nílé. Ẹni tí irun rẹ̀ rí bíi tèmi àti tìrẹ á lọ jókòó sọ́dọ̀ onídìrí, á fi rílásà jó orí, tàbí kó ra wíìgì, lóṣooṣù, láti inú owó oṣù kan náà. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi òfin CROWN, tó ka títorí irú irun ẹni yani sọ́tọ̀ léèwọ̀, dáwọ́ èyí dúró ní 2019, ìpínlẹ̀ tó ju 20 lọ sì ti tẹ̀ lé e.

Irun ṣì ṣeé gé. Ojú ńkọ́? Ní 1994, Daniel Hamermesh àti Jeff Biddle, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí owó iṣẹ́ àti ẹwà. Àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tí ojú wọn ò fani mọ́ra tó ti ẹlòmíì ń gba owó tó fi ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹni tó wà láàárín. Bó ṣe ń ṣe obìnrin ló ń ṣe ọkùnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ obìnrin mọ́.

Àwọn kan á ní bóyá arẹwà mọṣẹ́ jù ni. Ní 2006, Markus Mobius àti Tanya Rosenblat dán èyí wò ní Argentina. Iṣẹ́ tí wọ́n fún àwọn èèyàn ni kí wọ́n wá ọ̀nà jáde nínú àwòrán ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn arẹwà ò ṣe é dáa ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, àwọn tó dúró bí agbanisíṣẹ́ rò pé wọ́n á ṣe é dáa jù, owó tí wọ́n sì yàn fún wọn pọ̀ jù. Èyí tó ká mi lára jù ni pé àwọn agbanisíṣẹ́ tí kò rí wọn rárá, tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni wọ́n ti bá wọn sọ̀rọ̀, náà fún arẹwà lówó jù. Ohùn arẹwà ló ń tà á. Arẹwà gbà pé òun á lè ṣe é, ìgboyà yìí nìkan sì fà tó ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lára àfikún owó tí ẹwà ń mú wá.

Ibo ni ìgboyà yẹn ti wá? Láti kékeré ni wọ́n ti ń yin ọmọ kan, tí tíṣà ń pè é síwájú kíláàsì, tí wọ́n ń fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n tó pàdé níwájú agbanisíṣẹ́, ìyàtọ̀ ti wọ inú ohùn. Kò sí súùtù tó lè bo ìyẹn.

Ibẹ̀ ló ti ń kan gbogbo ọjọ́ ayé ẹni lẹ́nu iṣẹ́. Owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi kún un. Ẹni tí wọn ò mú lọ bá oníbàárà ńlá ò ní rí nǹkan sọ nígbà tí ìgbéga bá dé. Ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni òṣìṣẹ́ ń dá, agbanisíṣẹ́ ń dá 10. Owó oṣù tó kéré lónìí ni owó ìfẹ̀yìntì tó kéré lọ́la.

Àwọn ará wa ní Brazil mọ èyí dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìpolówó iṣẹ́ níbẹ̀ ń béèrè fún “boa aparência”, ìyẹn ìrísí tó dáa. Láti 1951 ni òfin Afonso Arinos ti ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n ìpolówó ò dárúkọ àwọ̀. Gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ń kà á ní ìlú Salvador níbẹ̀ mọ̀ pé àwọn kọ́ ni wọ́n ń pè.

Nílé náà, ẹ ti rí ìpolówó tó ń wá ọmọbìnrin tó rẹwà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò gbọdọ̀ pọ̀, fún iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìwé ni á máa tò. Arẹwà pàápàá ò jèrè rẹ̀ tán. Ẹ bi àwọn ọmọbìnrin tí báńkì ń rán lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbára pé kí wọ́n lọ gba owó ìfipamọ́ wá. Ẹlòmíì kàwé ìṣirò owó, kò sì sẹ́ni tó rántí ìwé náà nígbà tí àyè bá ṣí nínú ọ́fíìsì.

Abala 42 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, tó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀, dárúkọ ẹ̀yà, ibi tí a ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò ìṣèlú. Kò dárúkọ ìrísí. Ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ti fi gíga àti ìwọ̀n ara sínú òfin tirẹ̀ láti 1976, ìlú New York ṣe é ní 2023. Àwọn aṣòfin wa lè ṣe é. Kí wọ́n tó ṣe é, ohun kan wà tí ẹ̀yin tó ń gbani síṣẹ́ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí: ẹ yọ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kúrò nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ ń fún àwọn tó ń wáṣẹ́, ẹ sì máàkì ìdánwò wọn tán kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú wọn.