Ẹni Tó Bá Gbin Ìrèké Ni Kó Gba Àṣẹ Kíkó Ṣúgà Wọ̀lú

Ṣúgà pupa tí ọkọ̀ ojú omi ń já sílẹ̀ ní Àpápá, Bùràsíìlì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, tírélà á sì gbé e lọ káàkiri. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń kọjá ẹnubodè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó múlé tì wá, àwọn kan a sì máa yangàn pé Nàìjíríà náà ti ń ta ṣúgà fún ilẹ̀ òkèèrè. A kò rí ohun ìyangàn níbẹ̀. Ìrèké Bùràsíìlì ni, Èkó la ti fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Bùràsíìlì yìí yẹ kó yé wa dáadáa. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní 1973, ìyà jẹ wọ́n. Ní 1975 ìjọba wọn gbé ètò Proálcool kalẹ̀, kí wọ́n lè máa fi omi ìrèké ṣe ẹtánọ́ọ̀lù tí mọ́tò ń mu. Láti 2003 ni mọ́tò tó ń mu pẹtiróòlù tàbí ẹtánọ́ọ̀lù, èyíkéyìí tó bá rọ olówó rẹ̀ lọ́rùn, ti wọ ìgboro níbẹ̀. Látìgbà náà, àwọn tó ń fún ìrèké ní agbègbè São Paulo ń wo ibi tí owó wà. Bí ẹtánọ́ọ̀lù bá pa owó jù, ibẹ̀ ni wọ́n máa darí ìrèké sí, ṣúgà á sì dín lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ Bùràsíìlì nìkan ló ń ta nǹkan bí ìdajì ṣúgà tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn láyé. Ẹni tó ń din pọ́fùpọ́fù ní Ọ̀yìngbò kò mọ ẹnì kankan ní São Paulo, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá pinnu lọ́hùn-ún máa ń bá a nídìí agbada.

Íńdíà fi gbèdéke sí ṣúgà tó ń jáde nílùú wọn ní 2022, wọ́n sì tún fún un pa ní oṣù Kẹwàá 2023. Nínú ọdún yẹn kan náà, owó ṣúgà lágbàáyé ga dé ibi tí kò dé mọ́ láti 2011. Oṣù Kẹfà rẹ̀ náà ni ìjọba wa tú náírà sílẹ̀, tí dọ́là sì gbówó lórí. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya lu tálákà pọ̀. Ní Òkè-Àrín, àwọn ìyá tó ń bu ṣúgà sínú ọ̀rá kékeré kò lè máa fowó lé e lójoojúmọ́ kí oníbàárà má baà sá, ni wọ́n bá ń so ọ̀rá náà mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ìkúùkù ọmọdé tóbi jù ú lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn pàápàá, ní oṣù Keje 2022, àwọn oníbúrẹ́dì ti daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n gógó ohun èlò.

Kì í ṣe pé a kò mọ ohun tó yẹ ká ṣe. Ilé iṣẹ́ ṣúgà Bacita ní ìpínlẹ̀ Kwara bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìrèké ní 1964. Ìjọba dá Ìgbìmọ̀ Ìdàgbàsókè Ṣúgà sílẹ̀ ní 1993. Lẹ́yìn náà ni ètò ọlọ́dún mẹ́wàá dé, tó yẹ kó parí ní 2023. Àdéhùn inú rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀: ilé iṣẹ́ tó ń fọ ṣúgà yóò san owó orí tó fúyẹ́ lórí ṣúgà pupa, òun náà yóò sì dá oko ìrèké sílẹ̀ nílé. Oko Dangote wà ní Numan, ti Flour Mills ní Sunti, ti BUA ní Lafiagi. Ọdún 2023 pé, òkè òkun ṣì ni ọ̀pọ̀ ṣúgà wa ti ń wá. Wọ́n bá sún un di 2033.

Owó orí tó fúyẹ́ yẹn, owó ìlú ni. Owó ilé ìwòsàn ni, owó ọ̀nà Àpápá tó ti fojú awakọ̀ rí màbo ni. Bí a bá dárí rẹ̀ ji ẹnì kan nítorí oko, ó tọ́ ká rí oko náà.

A gbọ́ àwáwí àwọn ilé iṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Omi ń ya bo oko létí odò Ọya, ìjà ilẹ̀ kì í tán láàárín ilé iṣẹ́ àti àwọn onílẹ̀, ìrèké sì ń gbà tó ọdún kan nílẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń rí ṣe ní Àpápá náà kì í ṣe kékeré. Nítorí náà a kò ní kí ẹnikẹ́ni ti ilé iṣẹ́ pa. Ohun tí à ń bèèrè ni pé kí ìpín ṣúgà pupa tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kó wọlé lọ́dọọdún máa tẹ̀lé iye hẹ́kítà tó gbìn àti iye ṣúgà tó fún jáde látinú ìrèké ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbìn, kí ìpín tirẹ̀ máa dín. Àgbẹ̀ tó nílẹ̀ tó sì fẹ́ gbin ìrèké tà fún wọn, kí wọ́n ka tirẹ̀ mọ́ oko náà, ìjà ilẹ̀ á sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Kí Ìgbìmọ̀ náà sì tẹ àkọsílẹ̀ oko ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde fún gbogbo ìlú, pẹ̀lú orúkọ wọn, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìpín ọdún tó ń bọ̀.