Èrò ọkàn mi: Ẹni tí ẹ ò bá fún ní físà, ẹ dá owó rẹ̀ padà

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ owó físà yìí ti ń dùn mí tipẹ́, n ó sì sọ ọ́ lónìí bó ṣe wà nínú mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé kí á tó lè wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, owó la ó kọ́kọ́ san. Ìyẹn ò bí mi nínú. Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ àlejò, kó gbà á. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n á gbowó lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á ní kó má wá mọ́, wọn ò sì ní dá kọ́bọ̀ padà fún un. Mo ní kò tọ́.

Ẹ wo ti Ìlú Ọba. Oṣù kẹrin 2025 ni wọ́n gbé owó físà àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà kúrò ní £115 lọ sí £127. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, tí pọ́n-ùn kan ń lọ ní nǹkan bíi ₦2,000 lọ́dún náà, ó ti lé ní ₦250,000. Bẹ́ẹ̀, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi òǹtẹ̀ lù ní 2024. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn, ká tiẹ̀ ní kò jẹ, kò mu, kò wọkọ̀, yóò ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta gbáko, owó fọ́ọ̀mù ò ní tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀. A ò tíì sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì o. A ò tíì sọ ti owó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ tàbí Ilé-Ifẹ̀ wá sí Èkó láti lọ tẹ̀ka, àti ibi tí èèyàn máa sùn mọ́jú bó bá jẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n dá fún un.

Ẹni tó gbé páspọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà tàbí ti Jámánì lọ́wọ́ kì í gba físà bó bá fẹ́ lọ kí èèyàn ní London. ETA ni tiwọn, ìyẹn ìwé àṣẹ ìrìnàjò tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀rọ ayélujára. £10 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2023, ó di £16 ní 2025. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á ya ara wọn ní fọ́tò, wọ́n á dáhùn ìbéèrè díẹ̀, èsì sì sábà máa ń jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún méjì ni wọ́n ń lò ó. Ní 2025 yẹn, ẹni tówó ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ jù san £16, ẹni tówó ọwọ́ rẹ̀ kéré jù san £127, òun náà ni wọ́n sì lè lé padà kó tó kúrò nílé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní iṣẹ́ ni wọ́n ń fi owó yẹn ṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀. Èèyàn ló ń ka fọ́ọ̀mù, èèyàn ló ń yẹ sítétímẹ́ǹtì báǹkì wò, a sì mọ̀ pé àwọn ajẹ́ńtì kan ń ṣe ayédèrú ìwé fún àwọn èèyàn wa, èyí tó ń mú kí àyẹ̀wò náà le sí i fún gbogbo wa. Kí wọ́n gba owó iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìwọlé. Owó iṣẹ́ díẹ̀ nígbà tí a bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, èyí tó kù lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún wa ní físà. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe, torí pé wọ́n ti ń ṣe é. Ní Ìlú Ọba kan náà yìí, ẹni tó bá ń lọ fún ju oṣù mẹ́fà lọ, yálà ó ń lọ kàwé ni tàbí ó ń lọ ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ san owó ìlera, ìyẹn owó ilé ìwòsàn ìjọba wọn, kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ tó lọ. (Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń lọ pẹ̀lú físà ti ẹ̀ka ìlera kì í san án.) £200 lọ́dún ni nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2015. Ó di £400 ní 2019, ó di £624 ní 2020, nígbà tó sì di oṣù kejì 2024, ó fò sókè sí £1,035. £776 ni ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Gbogbo ọdún tí èèyàn fẹ́ lò níbẹ̀ ni wọ́n á sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún tọkọtaya tó ní ọmọ méjì, tí wọ́n ń lọ fún ọdún mẹ́ta: £10,866. Ó lé ní mílíọ̀nù lọ́nà ogún náírà, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí wọ́n lọ. Ilẹ̀ bàbá àwọn kan nìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ o. Owó ìlera yìí, bí wọn ò bá fún ẹ ní físà, wọ́n ń dá gbogbo rẹ̀ padà. Orí káàdì tí o fi san án ló ń padà sí. Fọ́ọ̀mù kan náà, ọjọ́ kan náà, ìjọba kan náà. Wọ́n dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn padà, wọ́n wá di owó físà mú. Tí wọ́n bá mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá èyí tó pọ̀ padà, èwo ni ti èyí tó kéré?

Amẹ́ríkà náà ti ṣe é rí fún àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an. Ní ìparí oṣù kẹjọ 2019, wọ́n fi owó kan lé owó físà wa torí wọ́n ní iye tí ìjọba wa ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn ti pọ̀ jù. $110 ni ti físà àbẹ̀wò. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà, ó bí èmi náà nínú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú owó yẹn tí mi ò gbàgbé: ẹni tí wọ́n bá fún ní físà nìkan ló ń san án. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Ìjọba wa dín tiwọn kù, nígbà tó di oṣù kejìlá 2020, àwọn náà mú un kúrò. Ohun méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Wọ́n lè gbowó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún èèyàn ní físà. Bí àwọn ìjọba bá sì jókòó sọ ọ́, owó físà ń yí padà.

Ti Yúróòpù, ìyẹn físà Schengen tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ibẹ̀ jọ ń lò, ló tún dùn mí jù. €80 ni tẹ́lẹ̀, ó di €90 ní oṣù kẹfà 2024. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù fún wọn á tún gba owó tirẹ̀ lé e, òfin sì gbà á láyè títí dé ìdajì owó físà. Ní 2024, ìwé ìbéèrè tó lé ní 110,000 ló jáde láti Nàìjíríà. Ó lé ní 50,000 tí wọn ò fún. Ká tiẹ̀ fi €80 àtijọ́ ṣírò gbogbo rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin yúrò ló lọ báyìí láti orílẹ̀-èdè kan, lọ́dún kan. Àwọn kan tí wọ́n ń pè ní LAGO Collective ṣírò ti gbogbo ayé fún 2023: mílíọ̀nù 130 yúrò ni àwọn orílẹ̀-èdè Schengen rí lórí físà tí wọn ò fún èèyàn. Ìlú Ọba rí mílíọ̀nù 44 pọ́n-ùn. Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá. Owó tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ sílé láti òkè òkun, tí gbogbo èèyàn ń yìn, apá kan ń gba ẹ̀yìn padà lọ.

Màmá kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, tó ń ta aṣọ ní Gbági láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọmọ rẹ̀ bímọ sí ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè yẹn. Oyún àkọ́kọ́ ni, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Màmá kó ìwé jọ: ìwé ilé, sítétímẹ́ǹtì, lẹ́tà ẹgbẹ́ aláṣọ, fọ́tò ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìpè láti ọ̀dọ̀ ọmọ, ìwé ìdójútòfò tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tó €30,000. Kànìnkànìn tuntun, òrí àti ọṣẹ dúdú ti wà nínú báàgì kó tó lọ tẹ̀ka. Ìwé tí wọ́n dá padà fún un, èmi ni mo kà á sí i létí. Àpótí kéékèèké ló wà lórí ẹ̀, ìdí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi àmì sí ọ̀kan: kò dá wọn lójú pé yóò padà sílé. Obìnrin tó ní ilé, tó ní ìsọ̀, tó ní ọmọ mẹ́ta àti ọkọ tó dàgbà nílé.

Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó ní, "Ọmọ mi, owó mi ńkọ́?" Mo ní, "Màmá, wọn kì í dá a padà." Ó wò mí lójú. Ó ní, "Bí mo bá gbowó aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà tí mi ò gbé aṣọ fún un, kí ni wọn ó máa pè mí ní Gbági?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Ẹ̀tọ́ wà fún un láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n owó lọ́yà ju owó físà lọ. Ó tún fọ́ọ̀mù náà kọ. Ó tún owó náà san, odindi, bí ẹni tí kò san rí.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Gambia. Ní oṣù kejìlá 2022, European Union gbé owó físà tiwọn lọ sí €120, nígbà tí àwọn tó kù ń san €80. Ẹ̀sùn wọn ni pé ìjọba Gambia kì í tètè gba àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ lé padà sílé. Oṣù kẹrin 2024 kí wọ́n tó wọ́gi lé e. Ìjọba méjì ń jà, ìyá tó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ ni wọ́n bu ìtanràn lé. Àbí owó iṣẹ́ la tún máa pe ìyẹn?

N ó sọ tiwa náà, torí kò ní dáa kí n bo ojú ilé. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, páspọ́ọ̀tù olójú ewé 32 ti di ₦100,000 nílé níbí, olójú ewé 64 di ₦200,000. Ìlọ́po méjì iye tó jẹ́ lọ́dún tó ṣáájú ni. Kí èèyàn tó rí ẹni tó máa kọ̀ ọ́ ní físà rárá, ìjọba tirẹ̀ ti kọ́kọ́ gba tirẹ̀.

Ẹ wá bá mi dé Sèmè tàbí Ìdí-Ìrókò. Láti oṣù karùn-ún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ìjọba Benin tiẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Áfíríkà. Èyí tó wà nínú ìwé nìyẹn. Lẹ́nu ibodè, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, okùn ni wọ́n nà sójú ọ̀nà, wọ́n á ní kí o mú nǹkan wá. Ẹni tí kò ní páspọ́ọ̀tù á san owó, ẹni tó ní in á san owó. Bí wọn ò bá tíì lu òǹtẹ̀ kankan sínú rẹ̀ rí, wọ́n á ní fájìn ni, owó rẹ̀ á tún gbẹ́nu sókè sí i. Kò sí rìsíìtì. Ó sì dùn mí torí pé ará kan náà ni wá. Ará Ìmẹ̀kọ tó ní àna ní Kétu ilẹ̀ Benin, ará Ìpókíá tó fẹ́ lọ síbi òkú ní Sákétẹ́, ilé ẹbí rẹ̀ ló ń lọ, ó ń sanwó kó tó dé ibẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí àwọn òyìnbó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lórí owó físà, ó yẹ kí Àbújá àti Kútọnu ká okùn wọ̀nyẹn kúrò nílẹ̀.

Ìjọba wa ló yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ owó tí wọn kì í dá padà yìí sórí tábìlì nígbà tí àwọn aṣojú bá jókòó, bí wọ́n ṣe ṣe é pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Àwọn aṣòfin wa lè béèrè iye tó ń jáde lọ́dún. Àwọn ọmọ wa tó ti di ọmọ onílùú ní London, ní Manchester, ní Houston, tí wọ́n ń dìbò níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀. Àwọn ìyá yín ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí wọ́n kọ̀ ní físà Ìlú Ọba lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tí ẹ ti san owó ìlera, ẹ lọ yẹ àkáǹtì tí ẹ fi san án wò. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn èsì ló sábà máa ń wọlé. Bó bá jẹ́ káàdì ajẹ́ńtì ni wọ́n fi san án fún yín, ọ̀dọ̀ ajẹ́ńtì lowó ń padà sí o. Ẹ lọ bá a, ẹ gbowó yín.