Ètè ẹ̀gbọ́n mi ni dókítà ṣí wò

Láti àná ni fídíò yẹn ti ń kọjá lójú mi ṣáá. Rọ́bọ́ọ̀tì Yunifásítì Johns Hopkins l'Amẹ́ríkà ni, èyí tó dá ṣe apá kan nínú iṣẹ́ abẹ yíyọ àpò òróǹro lára ẹ̀dọ̀ òkú ẹlẹ́dẹ̀ ní 2025. 8 ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, 8 náà ló ṣe yọrí. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò bá wọn jà. Ẹni tó kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé kí àwọn dókítà tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ oorun tètè lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, òun ló bí mi nínú. Ó ní ṣebí McSleepy, ẹ̀rọ tó ń dá bu oògùn oorun, ti kun aláìsàn lóorun ní Montreal ní Kánádà ní 2008.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èmi ni mo jókòó tì í nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ti há nǹkan kékeré kan tó dà bíi péègì tí a fi ń sá aṣọ mọ́ ọn níka, iná pupa ń tàn nínú rẹ̀. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀n, 93 nínú 100 ni ẹ̀rọ ń kà. Nọ́ọ̀sì ní kò séwu, ọkàn mi sì balẹ̀.

Dókítà àgbà tó fún un lábẹ́rẹ́ oorun wọlé, kò tilẹ̀ wojú ẹ̀rọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú imú ẹ̀gbọ́n mi, ó dúró díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ṣí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta. Inú ètè náà ti ń ṣú, kò pọ́n mọ́. "Ọ́síjìn dà?" Kí n tó dìde lórí àga, wọ́n ti fi bò ó nímú. 93 ṣì wà lójú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo ka iṣẹ́ tí àwọn dókítà Yunifásítì Michigan gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2020. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ìka yẹn ń tàn gba inú awọ ara kọjá kó tó mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó. Wọ́n rí i pé bó ṣe ń sọ pé kò séwu nígbà tí ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀, lára aláwọ̀ dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Irú nọ́ḿbà yìí náà ni ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n máa gbójú lé tó bá ń dá bu oògùn oorun fún wa. Bí nọ́ḿbà bá purọ́ fún un, ta ló máa ṣí ètè wa wò?

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kí n tó gbé e síbí. Ó ní ṣé mo rántí obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, aboyún tí wọ́n gbé wá lóru láti ìlú rẹ̀ nítorí pé kò sí dókítà abẹ́rẹ́ oorun kankan ní ọsibítù ibẹ̀. Ọmọ náà ti kú kí wọ́n tó débẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rò pé obìnrin yẹn á ní òun ò fẹ́ ẹ̀rọ?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ èsì tí mo sì pa á rẹ́.