“Á Tọ́ Tó Bá Dàgbà”: Irọ́ Tó Ń Gba Ojú Lọ́wọ́ Ọmọ

Bí ojú ọmọ bá wọ́ sí imú, ohun tí ìyá rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbọ́ ládùúgbò ni pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, á tọ́ tó bá dàgbà. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò gbèrò ibi. Ó ti rí ọmọ tójú rẹ̀ tọ́ rí, tàbí kó rò pé òun rí i. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ojú méjèèjì kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn rìn. Ọ̀kan lè ṣáko lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì padà. Ìyẹn kì í ṣe àrùn, ó sì yẹ kó ti dáwọ́ dúró tí ọmọ bá fi máa pé oṣù mẹ́rin. Èyí tó bá wọ́ síbẹ̀ tí kò padà rárá, ẹ má ka oṣù kankan fún un.

Àwọn míì tún wà tí ojú wọn kò wọ́ rí láyé. Igi imú ọmọ kékeré máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, awọ á sì bo ibi funfun ojú níhà imú, ẹni tó ń wò ó á ní ojú ti wọnú. Nígbà tí igi imú bá ga, wọ́n á ní ó ti tọ́. Kí ló tọ́? Kò kúkú wọ́ tẹ́lẹ̀!

Ẹ lè fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé ọmọ sórí itan ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kó wo fóònù tààrà, kí ẹ tan iná rẹ̀ ya fọ́tò. Ẹ wá fẹ fọ́tò náà, ẹ wo àmì iná tín-ín-rín tó ń tàn nínú ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Bó bá wà láàárín ọmọlójú méjèèjì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ igi imú ló ń tàn yín. Bí ti ọ̀kan bá wà láàárín, tí ti èkejì sún sí ìhà ẹ̀bátí, ojú kejì yẹn ló yí sí imú. Fọ́tò kò rọ́pò dókítà o, torí ojú míì máa ń dúró dáadáa láàárọ̀, àfi tó bá rẹ ọmọ ló ń wọ́.

Ohun tí dídúró de ìgbà tó bá dàgbà ń bà jẹ́ kò sí nínú ẹyinjú, inú ọpọlọ ló wà. Àgbà tójú rẹ̀ ṣàdédé wọ́ á máa rí nǹkan ní méjì-méjì, á sì figbe ta. Ọpọlọ ọmọdé kì í gba ìyẹn, ṣe ló máa pa ohun tí ojú tó wọ́ ń rí tì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kì í fi ráhùn. Tó bá pẹ́, ẹyinjú á dá ṣáká, ṣùgbọ́n kò ní ríran tó. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, David Hubel àti Torsten Wiesel, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1981, rán ìpéǹpéjú ojú kan pa fún ọmọ ológbò. Nígbà tí wọ́n tú u, ojú ọ̀hún kò lárùn, ọpọlọ ni kò kà á sí mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta kò nílò iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n tó lè rí nǹkan kedere, pàápàá èyí tó wà nítòsí, ojú wọn gbọ́dọ̀ tiraka, ìtiraka yẹn ló sì ń fà á wọlé. Ẹ fi gíláàsì tó bá a mu wọ̀ ọ́, ojú á tọ́, nígbà míì pátápátá. Lálẹ́, tí ẹ bá bọ́ gíláàsì kó lè sùn, ẹ máa rí i tí ojú tún yí wọlé. Ibẹ̀ ni “gíláàsì ti ba ojú ọmọ jẹ́” ti ń wá. Kò bà á jẹ́ o. Òun ló ń dì í mú látàárọ̀.

Tí dókítà bá ní kí ẹ lẹ ojú kan pa, èyí tó dára ni, kí èkejì lè ṣiṣẹ́. Ọmọ á sunkún, á máa fa á ya. Fún ọ̀pọ̀ wọn, wákàtí méjì lóòjọ́ ti tó. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù kí ọmọ tó pé ọdún méje. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣì lè ṣe é, àmọ́ ó máa ń le sí i.

Ọmọ tí tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń nílò iṣẹ́ abẹ. Wọn kì í yọ ẹyinjú. Iṣan tó ń darí rẹ̀ ni wọ́n ń tún so. Omi ọyàn àti àgbo tí wọ́n ń kán sójú kò lè dé ibi iṣan yẹn, kòkòrò ni wọ́n lè gbé wọlé.

Èyí tí kò gba kí ẹ fi falẹ̀ rárá ni ojú wíwọ́ tí ọmọlójú rẹ̀ tún ń funfun nínú fọ́tò. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ojú. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, ní LUTH l’Ékòó, tàbí níbi tó bá sún mọ́ yín jù, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.