Kò Sí Ìró “r” Nínú Orúkọ Park

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wo eré Kòríà gbà pé bí àwọn bá ti ka orúkọ tí a fi lẹ́tà Látìn kọ bí wọ́n ṣe ń ka Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ti pè é bí ará Kòríà ṣe ń pè é, àti pé bí orúkọ kan bá ní àkọtọ́ méjì, dandan ni kí ọ̀kan jẹ́ àṣìkọ. Ìgbàgbọ́ méjèèjì kò tọ̀nà.

Ẹ wo orúkọ ìdílé tí gbogbo ayé mọ̀ sí Park. Ní Hangul, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé tí ọba Sejong gbé jáde ní ọdún 1446, lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú orúkọ náà, kò sì sí r láàárín wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù kì í pe r tó bá tẹ̀lé a báyìí, nítorí náà a gígùn lásán ni “ar” lẹ́nu wọn; ẹni tó bá pe r náà jáde ti fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Bákan náà ni Lee, tí ará Gúúsù Kòríà ń pè ní “i” péré.

Nígbà tí Pusan di Busan ní ọdún 2000, àwọn kan rò pé ìlú náà ti yí orúkọ padà. Àkọtọ́ nìkan ló yí padà. Ìlànà fífi lẹ́tà Látìn kọ èdè Kòríà tí àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, George McCune àti Edwin Reischauer, tẹ̀ jáde ní 1939 ń tẹ̀lé ohun tí etí àlejò gbọ́: lẹ́tà Hangul kan náà á di p (ti Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe tiwa) ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á sì di b láàárín fáwẹ̀lì méjì. Ìlànà tí ìjọba Gúúsù Kòríà gbé jáde ní 2000 ń kọ b ní ibi méjèèjì. Ó fi àyè sílẹ̀ kí orúkọ ènìyàn àti ti ilé-iṣẹ́ máa jẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí pápákọ̀ òfuurufú Kimpo fi di Gimpo, tí ìdílé Kim kò sì di Gim.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára jù ni ti fáwẹ̀lì. Ìlànà 1939 ya ŏ sọ́tọ̀ kúrò lára o, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń yọ àmì náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan nínú wa ṣe ń yọ àmì abẹ́ ọ, tí orúkọ ibùdókọ̀ rélùwéè méjì ní Seoul, Sinchon àti Sincheon (tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2016), fi di ọ̀kan ṣoṣo lórí ìwé nígbà náà. Nítorí irú èyí ni ìlànà 2000 ṣe ń fi “eo” kọ ìró náà láìlo àmì kankan, àmọ́ èyí náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni eo, ó sì sún mọ́ ọ tiwa gidigidi; Seo àti ul ni a so pọ̀ tó di Seoul, kì í ṣe Se àti oul. Kí ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá má fi etí Gẹ̀ẹ́sì kà á, nítorí ẹnu yín ti mọ ìró yìí tẹ́lẹ̀. Ti “eu” ló yàtọ̀: fáwẹ̀lì kan ni òun náà, ṣùgbọ́n a kò ní irú rẹ̀, kò sì sí àkọtọ́ Látìn tó lè fi í sí wa lẹ́nu, àfi kí a gbọ́ ọ lẹ́nu ará Kòríà.